Ta Ló Ń San Gbèsè Ìwàásù Wa?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará. Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi ni àgàbàgebè nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀bi tó kan àwa Kristẹni níbi tí a bá ti dínà mọ́ ìlọsíwájú ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹni tó pè mí ní kí n má fi bò rárá, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó dáa. Bí a bá máa sọ ọ́ bó ṣe rí, ara mi ni mo máa kọ́kọ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà kan, èmi ni mo sì máa ń gbé àpò olórí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ẹni tó ń gbé àpò ló mọ ohun tó wà nínú àpò. Bíbélì ńlá kan, ìwé orin, aṣọ ìnujú funfun, awò ojú, àti páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí a fi rọ́bà dè. Ẹyọ kan ló ń lò lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Èmi ni mo máa ń bu omi wá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá kan nínú ẹgbẹ́ wa dìde. Kókó kan ti wà lọ́yàn wọn fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti dé ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ti fún wọn ní káàdì tí ọjọ́ wà lára rẹ̀, pé kí wọ́n padà wá kí a lè gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Màmá mú káàdì yẹn jáde, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Olórí, kí ni kí n ṣe?" Ọkùnrin yìí wá awò ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó ka káàdì náà tán, ó ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ lèèyàn ń gun ẹṣin méjì. Ẹ yan oníṣègùn tẹ́ ẹ fẹ́." Gbogbo ilé ké "Àmín!" Mo ké e pẹ̀lú wọn. Àpò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, oògùn wà nínú àpò. Nígbà tí ìpàdé tú ká, màmá na káàdì sí mi, wọ́n ní, "Bá mi fi pamọ́, ọmọ mi, kó má baà máa dán mi wò." Mo fi káàdì náà bọ inú Bíbélì mi.

Ọdún kejì kò pé tí wọ́n fi kú.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe gbájú-ẹ̀ o. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ màmá, ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí wọn, ojú mi ló ṣe. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́tàn ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọrùn, a ó kàn lé e jáde ni. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, oògùn inú àpò yẹn kì í ṣe oògùn mọ́, ó ti dà bí iyọ̀ ọbẹ̀. Oògùn ẹlòmíràn nìkan ló ń rí ní oògùn. Tèmi, ìtọ́jú ara ni. Tìrẹ, àìnígbàgbọ́ ni. Nínú Mátíù 23, Jésù sọ nípa àwọn akọ̀wé àti Farisí pé wọ́n a di ẹrù wúwo, wọ́n a gbé e lé àwọn èèyàn léjìká, àwọn fúnra wọn ò sì ní fi ìka kàn án. Tẹ́lẹ̀, irọ́ pípa ni mo máa ń pè ní àgàbàgebè. Ibẹ̀ yẹn kò dárúkọ irọ́. Ẹrù ló dá lé lórí: ta ló dì í, ta ló ń rù ú? Ohun tí mo fẹ́ ká mú dání lọ kiri inú ìtàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1721. Nínú oṣù Kẹrin ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan gbé àrùn ìgbóná dé, ṣọ̀pọ̀ná gan-an. Ìlú tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 11,000 lọ, ó mú nǹkan bí 5,900 nínú wọn, ó sì pa 844.

Àlùfáà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Cotton Mather. Lọ́dún 1706, ìjọ rẹ̀ ra ọmọ Áfíríkà kan, wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìjọ Ọlọ́run ra èèyàn, wọ́n fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Mather sọ ọ́ ní Onesimus, orúkọ ẹrú tí Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ fún nínú ìwé Fílémónì. Lọ́jọ́ kan ó bi í bóyá ìgbóná ti mú un rí. Onesimus dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣàlàyé pé nílé lọ́hùn-ún wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí òun lápá, wọ́n fi díẹ̀ nínú ọyún ẹni tí ìgbóná mú sójú gbẹ́rẹ́ náà. Ara òun ṣàìyá díẹ̀, ó sì tán, ìgbóná ò lè mú òun mọ́ títí láé. Ó fi àpá ibẹ̀ hàn án. Ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí gbẹ́rẹ́ jẹ́ kò nílò kí n tún ìyẹn sọ.

Nígbà tí àrùn dé, Mather kọ̀wé sí àwọn oníṣègùn ìlú, ó ní ẹ jẹ́ ká dán ohun tí Onesimus sọ wò. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ẹ lóhùn, Zabdiel Boylston. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, Boylston bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ẹrú méjì nínú ilé rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ọmọdé. (Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni bi àwọn ẹrú náà ní nǹkan kan. A máa padà síbẹ̀.) Ìlú gbaná. Wọ́n ní ó ń gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe, wọ́n ní ìwà kèfèrí ni, wọ́n ní ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ ẹrú aláwọ̀ dúdú ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù Kọkànlá, ẹnì kan ju àdó olóró gba ojú fèrèsé ilé Mather wọlé. Ọlọ́run ló yọ ọ́, okùn iná rẹ̀ já kúrò kó tó bú. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, àwọn tí Boylston sín gbẹ́rẹ́ fún lé ní 240, mẹ́fà ló kú nínú wọn. Ẹ fi wé 844 yẹn.

Ẹ wá wo bí ìtàn yìí ṣe kọ̀ láti tẹ̀ sí ibi tí a fẹ́ kó tẹ̀ sí. Àwọn àlùfáà ńláńlá Boston ló gbè lẹ́yìn gbẹ́rẹ́. Dókítà William Douglass, tó ní oyè ìmọ̀ ìṣègùn, ló ṣáájú àwọn alátakò. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé látìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìjọ wà níhìn-ín tí ìṣègùn wà lọ́hùn-ún, kò ka ìtàn dópin. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún wa. Mather yìí kan náà ló fi kálàmù ti àwọn adájọ́ Salem, ìlú kan nítòsí Boston, lẹ́yìn ní 1692, níbi tí wọ́n ti so èèyàn mọ́kàndínlógún rọ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n. Onesimus tó mú ìmọ̀ wá sì ti ní láti san owó ra ẹrú mìíràn dípò ara rẹ̀ ní 1716, kí Mather tó fún un ní òmìnira tí kò pé. Ẹnu tó mọ̀ pé ẹ̀mí ọmọ Boston níye lórí, ẹnu yẹn náà ló ń pe èèyàn ní ohun ìní rẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1722, Edmund Massey gun àga ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew, Holborn, ní London. Ó ka Jóòbù 2:7, níbi tí Sátánì ti fi eéwo lu Jóòbù láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Àlàyé rẹ̀ ni pé irú gbẹ́rẹ́ yìí ni Sátánì sín fún Jóòbù, pé Èṣù ni baba iṣẹ́ náà. Ìyẹn ń pani lẹ́rìn-ín. Ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín ni apá kejì ìwàásù náà. Ó ní Ọlọ́run ló ń rán àrùn, bóyá láti dán ìgbàgbọ́ wò, bóyá láti jẹni níyà. Ìbẹ̀rù àrùn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ya pòkíì. Bí ara àwọn èèyàn bá le jù, ó ṣeé ṣe kí òdodo wọn dín kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sápò fún mi, a máa nílò rẹ̀ láìpẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, kí Massey tó wàásù, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ-ọba obìnrin méjì láàfin. Ààfin ò dúró de Jóòbù.

Láti London, ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí Edinburgh ní Scotland. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1847, James Young Simpson, dókítà tó ń gbẹ̀bí, jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ nílé rẹ̀ pẹ̀lú dókítà méjì. Wọ́n da chloroform, omi olóòórùn tó ń kunni lóorun, sínú ife, wọ́n ń fi imú fà á. Inú wọn kọ́kọ́ dùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wótòwótò, lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú yakata sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí Simpson jí, ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tẹ nǹkan. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti ń fi í ran obìnrin tó ń rọbí lọ́wọ́.

Atakò tó jáde sí i, Jẹ́nẹ́sísì 3:16 ni wọ́n fi tì í: Ọlọ́run ló sọ fún Éfà pé ìrora ni yóò fi máa bímọ, ẹni tó bá mú ìrora kúrò ń bá Ọlọ́run jà. Kí oṣù Kejìlá tó parí, Simpson ti tẹ ìwé pélébé kan jáde láti dá wọn lóhùn. Inú Bíbélì ni òun náà dúró sí. Ó ní ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Ádámù náà gba ègún tirẹ̀ lójú ìwé kan náà: ẹ̀gún àti òṣùṣú ni ilẹ̀ yóò máa hù fún un, òógùn ojú rẹ̀ ni yóò fi máa jẹun. Ṣé àgbẹ̀ tó tu ẹ̀gún lóko rẹ̀ dẹ́ṣẹ̀ ni? Ó tún tọ́ka sí orí kejì, níbi tí Ọlọ́run ti mú oorun ìjìká kun Ádámù kó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ nínú Bíbélì, oorun ló ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ègún méjì ló wà lójú ìwé kan. A ti fi ohun èlò ìtúlẹ̀ gba ọkùnrin kúrò lọ́wọ́ tirẹ̀, a fi màlúù gbà á, a fi ẹ̀rọ katakata gbà á, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbààwẹ̀ lòdì sí katakata. Ti obìnrin nìkan la ní kó dúró bó ṣe wà. Àwọn tó di ẹrù yẹn, ọkùnrin ni wọ́n, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò rọbí láé. Ní Edinburgh yìí kan náà, lọ́dún 1591, wọ́n dáná sun obìnrin kan láàyè, Euphame MacCalzean. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé ó wá ohun tí yóò dín ìrora ìrọbí rẹ̀ kù lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Nígbà tó wá di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1853, Dókítà John Snow fi chloroform ran Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́ láti bí Leopold. Ọbabìnrin yìí ni gómìnà àgbà fún Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ Bíbélì kò yí padà. Ẹnu ló ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, ìyàwó oníwàásù ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kó tó bímọ, wọ́n á sì dúpẹ́ nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú pé Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ó bá wọn ṣe é lóòótọ́. Ta ló bá Euphame ṣe é?

Kí n tún ẹnu mi fọ̀ níbì kan. Àwọn tó tú ìwé ìgbà Simpson wò dáadáa rí i pé ariwo àwọn oníwàásù kò tó bí a ṣe ń ròyìn rẹ̀. Simpson ti ro ẹjọ́ sílẹ̀ de ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ kò tíì pè. Bákan náà, ẹ máa ń gbọ́ pé wọ́n sun Michael Servetus, dókítà tó tún ń kọ̀wé nípa ẹ̀sìn, níná ní Geneva ní 1553 nítorí pé ó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Lóòótọ́ ló ṣàlàyé rẹ̀, lóòótọ́ ni wọ́n sì sun ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan àti ìrìbọmi ọmọdé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sun ún. (Bí ẹni pé ìyẹn wá dára jù.) Ẹ̀ṣẹ̀ tá a dá ti tó, kò sídìí tá a fi máa fi irọ́ kún un.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ìgbà tiwa. Láti 1945 ni àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ti ní ká má gba ẹ̀jẹ̀ sára. Mo ní ọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹrù tó dì, òun náà ló rù ú, mi ò lè pe ìyẹn ní àgàbàgebè. Ẹjọ́ mi wà lórí àwọn tó ń kọ òfin. Títí di 1952, abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ èèwọ̀. Lẹ́yìn náà kò jẹ́ èèwọ̀ mọ́. Ní 1967, wọ́n ní gbígba kíndìnrín ẹlòmíràn dà bí ẹni tó jẹ ẹran èèyàn. Ní 1980, wọ́n ní ohun tó kan ẹ̀rí ọkàn olúkúlùkù ni. Ọdún mẹ́tàlá. Ẹ bá mi rò ó, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́ ní 1975, tó kọ̀, tó sì sùn. Ta ló kọ̀wé sí opó rẹ̀? Kí ẹ má sì rò pé àwọn nìkan ni mò ń bá wí. Ìjọ tiwa náà kì í kọ̀wé sí opó.

Níbi ọ̀rọ̀ ọmọdé ni gbogbo àríyànjiyàn ti parí, tèmi ni o. Láti 1868 ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé òbí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti wá oníṣègùn fún ọmọ rẹ̀ ti rúfin. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá bàbá kan lẹ́bi ikú ọmọ rẹ̀; ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó bọ́ ọ, ó tọ́jú ẹ, ṣùgbọ́n ìjọ rẹ̀ kò fọwọ́ sí dókítà. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán níbẹ̀. Ní 1998, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ 172 tó kú láàárín 1975 sí 1995 nínú ìdílé tí ẹ̀sìn kò jẹ́ kí wọ́n wá ìtọ́jú. Nínú 172 yìí, 140 ni àìsàn tó pa wọ́n jẹ́ irú èyí tí ìtọ́jú máa ń wo èèyàn mẹ́sàn-án ó lé nínú mẹ́wàá sàn. Ọmọ ọdún méjì ò ní ìgbàgbọ́ tàbí àìnígbàgbọ́. Ó ń sunkún ni.

Ó yá, ẹ mú gbólóhùn Massey jáde nínú àpò. Ní 2006, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà kòkòrò àrùn HPV, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Nínú ọdún 2022 nìkan, jẹjẹrẹ yìí mú nǹkan bí 660,000 obìnrin lágbàáyé, ó sì pa nǹkan bí 350,000. Ọ̀nà ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń gbà wọlé, nítorí náà láti kékeré ni wọ́n ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Kí ni àwọn Kristẹni kan sọ? Wọ́n ní bí a bá mú ìbẹ̀rù àrùn kúrò, àwọn ọmọ á ya pòkíì. Massey gan-an ló jí dìde, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rí i pé àwọn ọmọ tó gbà á ń ṣe ìṣekúṣe ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ká tiẹ̀ ní wọ́n rí i, ṣé ikú ni owó ọ̀yà rẹ̀? Ẹ wo ìyàwó tó pa ara rẹ̀ mọ́ títí dọjọ́ ìgbéyàwó, tí ọkọ rẹ̀ kò pa tirẹ̀ mọ́. Òun ni jẹjẹrẹ máa mú. Ọkọ ni yóò dúró síwájú níbi ìsìnkú. Ní 2024, ìròyìn wá láti Scotland, ilẹ̀ Simpson, pé nínú àwọn obìnrin tó gba abẹ́rẹ́ náà pé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 12 sí 13, láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tí jẹjẹrẹ yìí mú. Òdo.

Nígbà Kòrónà, ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì gún mi lọ́kàn. Lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní àwọn kò ní gba abẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀sìn, pé wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì tó ti ara oyún tí wọ́n ṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ wá láti fi ṣèwádìí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní kò burú, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan fún wọn: ẹ bá wa fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní lo Tylenol, ásípírìn, Tums, àti àwọn oògùn ojoojúmọ́ mìíràn, nǹkan bí ọgbọ̀n lápapọ̀, tí wọ́n fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dán wò. Àpò tí mo gbé lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń tú yẹn.

Ẹnì kan á bi mí pé, ṣé gbogbo ohun tí dókítà bá ti sọ lẹ fẹ́ ká máa gbà? Rárá o. Ní 1927, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ìjọba lè fi agbára sọ àwọn tí wọ́n kà sí aláìpé di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé pè é ní ìlọsíwájú, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì tó gbè é lẹ́yìn kò sì mọ níba. Póòpù Pius Kọkànlá ló kọ̀wé ní ìparí 1930 pé ìjọba ò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ara èèyàn. Ó jàre. Láti 1932 sí 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ń wo ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 tí àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis ń pa lọ ní agbègbè Tuskegee, wọn ò tọ́jú wọn, kódà lẹ́yìn tí penicillin, oògùn tó ń wò ó sàn, ti wà. Ibi tó yẹ kí ìjọ ti pariwo nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní a máa padà sọ́dọ̀ àwọn ẹrú Boylston tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè. Kíkọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Pius kọ̀, ó ń gbé ẹrù kúrò lórí aláìlágbára ni. Nígbà tí a kọ abẹ́rẹ́ HPV, a ń gbé ẹrù lé aláìlágbára lórí.

Àwọn baba wa ní Ọlọ́run ò kọ aájò. Bíbélì náà ò sì kọ̀ ọ́. Ìwòsàn Hesekáyà ti dé láti ẹnu Ọlọ́run fúnra rẹ̀, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá lẹ̀ mọ́ oówo náà. Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́, kò ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó bá òun rìn. Kì í ṣe ẹsẹ ìwé ló ṣọ̀wọ́n láàárín wa.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìjẹ́wọ́. Àwa tá a ní ká jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa, bí ìmọ̀ bá ti borí wa tán, ńṣe la máa ń rọra sún ìjókòó wa sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni pé ibẹ̀ la wà látàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwàásù Massey fi ń padà wá: wọn ò sin ín, wọ́n kàn dákẹ́ nípa rẹ̀ ni. Mo máa ń rántí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Boston lọ́dún 1721, Benjamin Franklin. Ìwé ìròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu gbẹ́rẹ́ Mather. Ní 1736, ìgbóná pa ọmọ tirẹ̀, Francis, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ kiri pé gbẹ́rẹ́ ló pa á. Franklin ìbá dákẹ́. Ó gbé e sínú ìwé ìròyìn ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò tíì sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ náà ni. Nígbà tó darúgbó tó ń kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó tún padà síbẹ̀, ó ní àbámọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn òun, òun ń sọ ọ́ kí òbí mìíràn lè gbọ́n. Franklin kì í ṣe ẹni tí ìjọ máa ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lónìí, òun ló ṣe ohun tí àga ìwàásù ń kọ́ni.

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, bẹ́ ẹ bá ń lo oògùn, ẹ jẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé ẹ̀ ń lò ó. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń wàásù, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti sọ fún ẹnì kan rí pé kó má lọ, ẹ wá a lọ. Bí òun kò bá sí mọ́, ẹ wá àwọn èèyàn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé mi ò lè dúró níwájú yín láìṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin màmá yẹn, ó ti di ìyá ọlọ́mọ. Mo gbé káàdì náà lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ṣì hàn kedere. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpò, awò ojú, páálí tí a fi rọ́bà dè, àti Àmín tí mo ké. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo ti ń retí kó lé mi jáde. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ rántí orúkọ oògùn náà?" Mo rántí, báwo ni mi ò ṣe ní rántí, mo ti bu omi sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mo dárúkọ rẹ̀ fún un. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni màmá òun náà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ìpàdé yẹn dé ni wọ́n dà á nù.